Píjò Bàbá Ayọ̀tọ́lá

Bí ẹ bá dé abúlé mẹkáníìkì tó wà ní Ọgbà l'Ékòó tí ẹ ń bèèrè Mùíbì, wọn á kàn máa wò yín lójú ni. Olómi-tútù ni kí ẹ bèèrè. Ẹ ò ní tíì pe orúkọ náà tán tí wọ́n á ti nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà nídìí igi máńgòrò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkùnrin náà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í pariwo, kì í sì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un bínú ni kí ẹnì kan sọ pé mọ́tò tí òun tún ṣe gbóná lójú ọ̀nà. Ta ló tiẹ̀ máa sọ bẹ́ẹ̀? Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ọgbà dé Àgídìngbì nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tó bá jẹ́ Mùíbì ló ń tọ́jú mọ́tò yín, omi rẹ̀ á tutù bí omi àmù.

Bó ṣe ń ṣe é kì í ṣe ohun tó fi pa mọ́. Irin kékeré kan wà lẹ́nu ibi tí omi ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, tamọsítáàtì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́, irin yìí á sé omi mọ́nú. Bó bá ti gbóná tó bó ṣe yẹ, á ṣílẹ̀kùn kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Mùíbì kì í fẹ́ rí i sójú. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un pé nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe ń fi í sínú mọ́tò, pé nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, mọ́tò yòówù kó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kó yọ irin náà kúrò. Á wá sín in sórí wáyà lára ògiri. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń sín wọn, wáyà náà sì ti di mẹ́ta. Tí ọmọ iṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, ohun tí Mùíbì máa ń tẹ̀ mọ́ ọn létí kẹ́yìn náà nìyẹn: tó o bá rí i, yọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Màmá Ayọ̀tọ́lá gbé Píjò 504 wọn wá. Ọ̀gá ilé ìwé ni màmá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ní Omole ló ń gbé. Èkìtì pọ́ńbélé ni. Kò sí pé ó ń pe ẹnikẹ́ni ní "ẹ", Mùíbì ni Mùíbì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ò sì bí Mùíbì nínú rí torí màmá náà fi ọdún méjìlá jù ú lọ. Lọ́dún 1981 ni ọkọ rẹ̀, Bàbá Ayọ̀tọ́lá, ra mọ́tò náà ní tuntun. Tíṣà jọ́gíráfì ni bàbá náà. Láti ọdún 2009 ni Mùíbì ti ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, títí bàbá fi dágbére fáyé lọ́dún tó kọjá.

Màmá ò dá wá. Olúwaníyì àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan l'Áláúsá. Òun ló wa mọ́tò náà lọ sílé ní Kérésì tó kọjá, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Òkè kan wà láàárín Erinmọ̀ sí Ẹ̀fọ̀n, ẹni tó bá ti gbà á rí á mọ̀ ọ́n. Ìdajì òkè náà ni Píjò gùn tó ní òun ò lọ mọ́. Ni gbogbo wọn bá bọ́ sílẹ̀, ni wọ́n bá ń tì í, ni dẹ́rẹ́bà tírélà kan bá yọjú lójú fèrèsé tó ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń mú màlúù lọ sọ́jà ni.

"Bàbá Màrdíyyàh, ẹ má bínú sí mi," Olúwaníyì sọ. Màrdíyyàh ni àkọ́bí Mùíbì. "Ẹ ti gbìyànjú lórí mọ́tò yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó ṣe ìrántí ọdún kan Dádì ní Ẹ̀fọ̀n. Mi ò tún lè ti mọ́tò lórí òkè níṣojú gbogbo ìlú. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan, ti Jàpáànù ni, ó lágbára dáadáa. Ẹni tó máa bá mi gbé e wọlé ti ní òun wà ní sẹpẹ́."

"Èyí tó wà níbẹ̀ ńkọ́?" Mùíbì bi í.

"Àwọn oní-pàǹtí á gbé e."

Màmá ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀. "Mùíbì, gbọ́ tèmi. Tí mo bá wà nínú kíṣíìnì, tí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn láti ìta, mo ti mọ̀ pé ọkọ mi dé nìyẹn. Kò tíì tẹ hóònù o. Fún ọdún mẹ́tàlélógójì! Ohùn òun fúnra rẹ̀ ò sí mọ́, fóònù tó gbà á sí ti bàjẹ́. Èyí ló ṣẹ́kù. Ṣé wọ́n á wá yọ ọ́ lójú mi ni?" Ojú rẹ̀ ti ń ṣomi.

Olúwaníyì ò kúkú burú. Ó dúró, ó fọwọ́ nu iwájú orí. Ó ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi sí ọjọ́ Sátidé. Tí Píjò bá gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin sí búùtù, tó rọra gbéra ní ìsàlẹ̀ bíríìjì Pen Cinema ní Agége, tó sì fi gíà kẹta gùn ún dókè láìjanpata, òun á fọwọ́ wọ́nú. Tí kò bá gùn ún, kí Màmá jọ̀wọ́ òun.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Màmá nìkan mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí Mùíbì fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú fún ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fẹ́ kó fún oní-pàǹtí. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ ní abúlé mẹkáníìkì pé wọ́n gba iṣẹ́ Olómi-tútù fún ẹlòmíì, ojú wo ló máa fi wò wọ́n?

Ó dawọ́ bo iṣẹ́. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi tuntun sí i. Ó tún táímìn tò, ìyẹn àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ṣẹ́. Ó tú kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó wo ojú ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló lu ihò náà fẹ̀ sí i lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tó rí i pé mọ́tò náà ń fà sẹ́yìn, tó rò pé ebi epo ló ń pa á. Nígbà tó di ọ̀sán Túsìdé, ó wà á jáde. Píjò sáré ní ojú títẹ́, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kó kan ibi tó ga díẹ̀ báyìí, ó di ọ̀lẹ. Mùíbì rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bóyá kí òun tún ihò epo yẹn lù kó fẹ̀ sí i ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, Màmá tún dé. Ìwé kékeré kan ló mú wá, èèpo rẹ̀ ti gbó. "Inú àpótí mọ́tò ló máa ń wà," ó ní. "Gbogbo ìrìn àjò ni ọkọ mi máa ń kọ síbẹ̀, o mọ̀ bí àwọn tíṣà ṣe rí. Mi ò tíì lè ṣí i, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni mi ò lè wò. Ìwọ wò ó, bóyá wàá rí nǹkan tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́."

Nígbà tó lọ tán, Mùíbì kírun Àsárì, ó wá jókòó sórí táyà, ó fi awò ojú sójú. Yorùbá ni bàbá náà fi kọ ọ́, ó fi àmì sí i dáadáa.

"Oṣù Kejìlá, 2008. Ẹ̀fọ̀n. Èèyàn márùn-ún, ogún iṣu. Gíà kẹta láti ìsàlẹ̀ dókè."

Èyí tó ṣáájú rẹ̀, gíà kẹta. Èyí tó tún ṣáájú ìyẹn, gíà kẹta. Mùíbì mi orí. Ẹ́ńjìnnì gidi! Ó ṣí ewé kejì.

"Oṣù Kẹrin, 2009. A gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Mùíbì ní Ọgbà nítorí rédíétọ̀ tó ń jò. Ó ṣe é dáadáa, kò gbóná mọ́ rárá. Ẹ̀fọ̀n. Gíà kejì. Kò burú."

Ó tún ṣí i. Oṣù Kejìlá, 2009. Gíà kejì. Kò burú. Ọdún Àjíǹde, 2010. Gíà kejì. Kò burú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé ibi tí ọwọ́ bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Kò sí gíà kẹta kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí mọ́tò náà ti wọ ṣọ́ọ̀bù Mùíbì.

Mùíbì pa ìwé náà dé. Kí ni òun ṣe lọ́jọ́ náà? Òun lẹ rédíétọ̀. Òun pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Òun sì yọ... Ó gbójú sókè wo wáyà mẹ́ta tó wà lára ògiri. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà ló bá ara rẹ̀ jiyàn. Wàláhì, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo mọ́tò ni òun ń yọ ọ́ lára wọn, àbí gbogbo wọn ni ò lágbára? Ìgbà tó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn tán ni òmíràn tẹ̀ lé e: ta ló ń gbé mọ́tò lọ gun òkè nínú àwọn oníbàárà òun? Ọgbà sí Ìkejà, Ìkejà sí Agége. Ilẹ̀ títẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ó wọ inú Píjò, ó wà á lọ sí Àgídìngbì, ó wà á padà. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó sùn sílẹ̀ gbalaja, kò tilẹ̀ gbórí. Abẹ́rẹ́ yìí náà ló máa ń fi han àwọn oníbàárà pẹ̀lú ẹ̀rín. Lónìí, ojú tì í láti wò ó.

Ẹnì kan ti sọ fún un rí o. Nùréènì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Agége, ti wá bá a lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé, "Ọ̀gá, irin yìí, ẹ jẹ́ ká máa fi í sílẹ̀." Mùíbì lé e jáde níṣojú àwọn èèyàn. Ó ní ṣé ẹni tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú ni òun á tún máa gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àfi kí wọ́n ṣe "ẹ kúuṣẹ́" níbi ìpàdé ẹgbẹ́, kò sí nǹkan míì mọ́ láàárín wọn.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, Mùíbì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agége. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń tò ó bí òun ṣe máa sọ ọ́. Nígbà tó débẹ̀, Nùréènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú epo dúdú, ó sáré gbé àga wá, kò bi í ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí gbogbo ohun tí Mùíbì tò kalẹ̀ dà rú.

"Nùréènì, ọjọ́ tó o wá bá mi yẹn," ó ní, "ṣe ni mo gbéra ga. Má bínú. Wá ṣàlàyé irin yẹn fún mi."

"Háà, Ọ̀gá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí."

"Ṣàlàyé ẹ̀."

Nùréènì ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ìkòkò omi ka sítóófù, ó fi okùn so tamọsítáàtì tuntun kan kọ́ sínú omi náà. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ẹ̀bà. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, irin náà ò mira. Omi gbóná débi tí ẹnikẹ́ni ò lè kọwọ́ bọ̀ ọ́, irin náà ò mira. Nígbà tí omi wá fẹ́ máa hó, ojú irin náà rọra ṣí fúnra rẹ̀. Nùréènì yọ ọ́, ó gbé e sórí ilẹ̀, bó ṣe ń tutù ló tún ń padé.

"Ooru ti ìta yìí ò kàn án, Ọ̀gá," Nùréènì sọ. "Ooru Èkó ò tó nǹkan kan lójú ẹ́ńjìnnì. Òun gan-an fẹ́ gbóná dé ibì kan kó tó lè jẹ epo rẹ̀ dáadáa. Tí omi tútù bá ń gba inú rẹ̀ kọjá ṣáá, ìdajì epo náà á kàn di èéfín dúdú ni. Ẹ̀yin á wá rò pé epo ò tó o, ẹ ó wá..."

"Mo lu ihò ẹ̀ fẹ̀," Mùíbì sọ.

Nùréènì mọ ìyókù. Epo tí mọ́tò ò rí jó tán, wọ́n tún bu òmíràn kún un. Mùíbì ń wo irin kékeré tó wà nílẹ̀. Ó rántí ọ̀gá tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin dáadáa, tí kò sí ẹni tó gbé ìkòkò ka iná fún òun náà rí. Ó rántí ogójì ọmọ iṣẹ́ tí òun ti tẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ létí. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi, kò sì fi pa mọ́. Ó jókòó síbẹ̀ títí tí Nùréènì fi lọ ra tíì wá fún un.

Ní Fúráìdé, kí wọ́n tó lọ kí Jímọ̀, àwọn méjèèjì jọ ṣe Píjò náà ní Ọgbà. Wọ́n fọ ojú ọ̀nà omi rẹ̀ mọ́, wọ́n fi tamọsítáàtì tuntun sí i, wọ́n fi ihò epo tó ṣe rẹ́gí rọ́pò èyí tí Mùíbì lù. Àwọn mẹkáníìkì tó kù ń kọjá, wọ́n ń wò ó pé Olómi-tútù ń fi irin yẹn sínú mọ́tò. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?" Mùíbì ní ó wà o, pé tó bá di Mọ́ńdè, kí gbogbo wọn wá, òun ní ọ̀rọ̀ bá wọn sọ.

Sátidé pé. Agogo méje àárọ̀ ni wọ́n pàdé, títì ṣì dá. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin wà ní búùtù, Màmá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùíbì, Olúwaníyì wà lẹ́yìn, ó na ọrùn síwájú kó lè máa wo ọ̀pá gíà. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ bíríìjì Pen Cinema. Mùíbì wo abẹ́rẹ́, ó dúró sí àárín gbùngbùn. Ó ní Bisimilahi, ó kó o sí gíà kẹta, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Píjò ò tilẹ̀ wò ó pé bíríìjì ni. Ó gbé ohùn sókè, ohùn rẹ̀ kún, ó gbá bíríìjì náà mú, ó ń lọ, ó ń yára sí i bó ṣe ń ga sí i. Nígbà tí wọ́n dókè, Olúwaníyì ń fọwọ́ gbá ẹ̀yìn àga. "Bàbá Màrdíyyàh! Ọwọ́ yín mà dáa o! Kí lẹ fún un jẹ?" Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ní, "Ohùn ẹ̀ nìyẹn. Ohùn ẹ̀ àtijọ́ nìyẹn."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, Mùíbì rọra ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa iná mọ́tò. Ó lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Olúwaníyì ti gbà, ẹ́ńjìnnì ti bọ́, orúkọ rẹ̀ sì ti tún dán sí i. Ṣùgbọ́n "kò burú" tí bàbá yẹn kọ lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ́ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ Wẹ́sìdé.

"Màmá," ó ní, "kì í ṣe pé mo fún un ní agbára kankan. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá gbé e wá sọ́dọ̀ mi ni mo yọ ohun tí kò yẹ kí n yọ. Inú ìwé tí ẹ gbé fún mi ni mo ti rí i. Bàbá mọ̀. Wọ́n fara dà á fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn ò sì bá mi wí. Ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀rín kú lójú Olúwaníyì. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Mo ti mọ́tò lórí òkè, Bàbá Màrdíyyàh! Ìyá mi bọ́ sílẹ̀ nínú oòrùn! Ẹ sì ń sọ fún wa ní gbogbo ìgbà pé kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò yìí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Mùíbì sọ. "Òótọ́ lẹ sọ." Kò gbójú sókè.

Màmá ń wo àwọn òrùlé Agége láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá, ó kọjú sí Mùíbì.

"Mùíbì, tó bá di Mọ́ńdè, wàá bẹ̀rẹ̀ sí pe gbogbo àwọn tó o ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún."

"Màá pè wọ́n, Màmá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ wọn sílẹ̀."

"Ó dáa. Ìwọ náà mọ ọkọ mi, kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń wa mọ́tò. Láti Omole títí dé Iléṣà, títì ló ń wò, bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní 'ẹn'. Ṣùgbọ́n tá a bá ti dé ìsàlẹ̀ òkè yẹn, tó kó o sí gíà kejì, tí mọ́tò wá ń rọra lọ, ni á bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Orí òkè yẹn ló ti sọ fún mi pé ẹ̀rù ìfẹ̀yìntì ń ba òun. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀ mí lórí ohun tá a ti fi ọdún mẹ́ta bá ara wa jà lé lórí. Ibẹ̀ náà ló ti sọ ohun tí dókítà wí fún mi." Ó fi etí ìró nu ojú. "Mo bi í lọ́jọ́ kan pé mọ́tò yìí ò mà lágbára mọ́ o, kí ló dé tí ò sọ fún Mùíbì. Ó ní tí òun bá sọ fún un, á tún un ṣe."

Mùíbì dorí kodò sórí ọwọ́ ìdarí mọ́tò, ó ń sunkún.

"Ó tó," Màmá sọ. "Yí i padà. Jẹ́ ká tún bíríìjì yẹn gùn. Gíà kejì ni kó o fi gùn ún, kó o sì má yára."

Mùíbì nu ojú, ó ṣíná, ó yí Píjò padà, ó sì kó o sí gíà kejì ní ìsàlẹ̀ bíríìjì. Àwọn mọ́tò ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí fọn hóònù, wọ́n ń yà wọ́n sílẹ̀. Kò dá wọn lóhùn. Ẹ́ńjìnnì ń kùn wùù, wọ́n ń gun bíríìjì náà díẹ̀díẹ̀. Màmá yíjú padà sí ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn.

"Olúwaníyì," ó ní, "láti ọjọ́ tá a ti sin bàbá rẹ, mi ò tíì rí omi lójú rẹ. Kí ló ń ṣe ọ́?"